Gìtá Tí Mo Ń Ta àti Gìtá Tí Mo Tà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Sùúrùlérè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ní, "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, sà. Wọ́n ní ẹ̀ ń ta gìtá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti lé ní ọdún 27 tí mo ti ń ta á, kí ó wọlé kí ó jókòó. Mo rò pé ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á ni, nítorí irú wọn máa ń wá láti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Ó jókòó, ó wo ògiri tí mo gbé gìtá béèsì kọ́ yí ká, ó sì bèèrè pé èló ni èyí kékeré tó wà ní igun. Ìgbà náà ló tó yé wa pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò bára mu: "ta" tèmi, ti okùn ni; "ta" tirẹ̀, ti ọjà ni. Bí "gìtá" bá ti lè tẹ̀ lé e báyìí, etí kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò wá ro ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wò? Ilé tí à ń kó lọ kò kúkú ní ògiri tó máa gba méje."

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti gbé mi lọ sí Ìbàdàn níbi iṣẹ́, yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni a rí gbà ní Mọ́kọ́lá, àwọn ìbejì sì ti dàgbà kọjá ẹni tí a lè ní kí ó máa sùn láàárín àpótí gìtá. Yàtọ̀ sí àyè, owó ìtọ́jú wọn ti ń kọjá agbára mi. Òkè òkun ni okùn béèsì ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á; láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, owó okùn mẹ́rin péré ti tó ohun tí à ń fi bọ́ ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Béèsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn pàápàá ń náni lówó. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin Èkó máa ń mú kí okùn dípẹtà nínú àpò. Irin gígùn kan sì wà nínú ọrùn rẹ̀ tó ń bá igi náà fa agbára okùn sẹ́yìn, tí a ní láti máa fi kọ́kọ́rọ́ yí díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ti ń yí: nígbà òjò, igi á fa omi mu, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga sókè, nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á máa ha mọ́ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn náà, etí àwọn irin náà á sì yọ síta bí eyín ayùn. Ẹni tó ní méje ní láti ṣe èyí fún méje, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán. Mo mọ̀ nínú ara mi pé n kì í ṣe é fún ju mẹ́ta lọ. Mẹ́rin yòókù kàn ń bàjẹ́ lójú mi ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Àkọ́kọ́ ni béèsì aláìlórúkọ kan, tòkunbọ̀, tí mo rà ní Alàbà lọ́dún 1996, tí ẹni tó tà á fún mi ti fi ọ̀dà dúdú kun ibi tí ó yẹ kí orúkọ wà. Èkejì ni Fender Precision tí wọ́n ṣe ní Mexico. Ẹ̀kẹta ni Jazz Bass ti Squier, ìyẹn orúkọ tí ilé iṣẹ́ Fender fi ń ta àwọn gìtá wọn tí kò wọ́n púpọ̀. Ẹ̀kẹrin ni Yamaha olókùn márùn-ún, ìkarùn-ún ni Ibanez olókùn mẹ́fà. Ẹ̀kẹfà ni èyí tí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń dábùú ọrùn gìtá. Èkeje ni kékeré orí igun yẹn, tí okùn rẹ̀ gùn ní ínǹsì 30 láti orí dé ìdí, nígbà tí ti àwọn tó kù tó 34. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ohun ìgbàanì tí àwọn olówó ń wá kiri. Béèsì òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn: owó ìnáwó kan ló ra òmíràn, àjẹmọ́nú ìparí ọdún ló ra òmíràn, òmíràn sì jẹ́ ti ẹnìkan tó ń lọ sókè òkun tó fẹ́ yára gbá ilé rẹ̀ mọ́.

Ìfẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi yàn. Mo kó gbogbo wọn sórí ibùsùn, mo sì ń bi ara mi pé èwo ni mo fẹ́ràn jù. Asán ni. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ mi ní ìṣẹ́jú náà ni mo máa ń fẹ́ràn jù, tí mo bá sì gbé e sílẹ̀ tí mo gbé òmíràn, ọkàn mi á ti ṣí lọ bá a. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n fi owó yàn: kí n ta àwọn tó wọ́n, kí n máa fi àwọn tí kò wọ́n ṣiṣẹ́. Ìyẹn dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ta Precision, ẹni tó jẹ́ pé ó ti san owó ara rẹ̀ padà lọ́nà púpọ̀ láti ẹnu ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí mo bá a lọ. Iye tí ọjà ń pe nǹkan kò sọ ohunkóhun fún mi nípa iṣẹ́ tí nǹkan náà ń bá mi ṣe.

Ohun tó là mí lójú ni ìwé kékeré kan tí ìyàwó mi fi ń kọ iye tó ń ná lọ́jà. Mo gba ojú ewé mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ béèsì tí mo bá gbé jáde sílẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ti òde dé: ìsìn ọjọ́ Àìkú, ríhásà àárín ọ̀sẹ̀, ìṣọ́ òru, ìnáwó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nínú ìgbà 38 tí mo jáde, olókùn márùn-ún bá mi lọ ní ìgbà 24, Precision ní ìgbà 11, Jazz ní ìgbà méjì, èyí tí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ẹ̀kan. Mẹ́ta yòókù kò kúrò lára ògiri. Ká ní ẹnìkan bi mí kí n tó kọ ọ́ ni, ǹ bá búra pé mo ń gbé Ibanez olókùn mẹ́fà jáde ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, n kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí òǹkà nìkan dájọ́, nítorí àṣà lásán lè mú kí ọwọ́ ẹni máa lọ síbi kan náà. Lẹ́yìn ríhásà kan, mo ní kí ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa àti arábìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin kẹ̀yìn sí mi. Orin kan náà ni mo ta lórí Precision, lórí Jazz àti lórí olókùn mẹ́fà. Nígbà tí mo dá nìkan ta á, kíá ni wọ́n mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Nígbà tí onídúrọ́ọ̀mù àti onígángan dara pọ̀ mọ́ mi, gbogbo rẹ̀ dàrú: arábìnrin náà pe Jazz ní Precision lẹ́ẹ̀mejì, oníkíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ sì ní béèsì kan ṣoṣo ni mo fi ta gbogbo rẹ̀, pé mo kàn ń fi tàn wọ́n ni. Kí n má parọ́, ó dùn mí. Mo ronú owó tí mo ti ná lórí ìyàtọ̀ tí etí àwọn tó sún mọ́ mi jù kò gbọ́. Ọwọ́ mi gbọ́ ọ o: ọrùn Jazz fẹ̀ tó mìlímítà 38 níbi orí, ti Precision lé ní 41, ìka sì máa ń mọ ìyẹn nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ èmi nìkan mọ̀ kò tó ìdí láti fi yàrá àwọn ọmọ kún fún ẹrù.

Jazz ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dá lẹ́jọ́. Láti ọdún 1960 tí wọ́n ti gbé irú rẹ̀ jáde ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìró okùn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ti jẹ́ méjì, wáyà ẹyọ kan ni wọ́n sì wé sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó ń kó ariwo iná mọ́ra. Bí a bá ṣí méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan á pa ariwo èkejì. Ṣùgbọ́n tí a bá ti dín ọ̀kan kù láti wá ohùn ihò-imú tí gbogbo wa fẹ́ràn lára rẹ̀, ariwo á padà. Níbi tí iná ìjọba ti dúró ṣinṣin tí wáyà ilé sì ní ọ̀nà tó gbà wọlẹ̀, èyí kì í ṣe ohun ńlá. Ní gbọ̀ngàn tí jẹnẹrétọ̀ méjì ti ń bú lẹ́yìn fèrèsé, á máa kùn bí oyin. Wọ́n ti wo àrùn yẹn sàn lára Precision láti ọdún 1957, nígbà tí wọ́n gé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sí méjì tí ọ̀kan ń pa ariwo ìkejì rẹ̀. Nítorí náà mo ta Jazz, mo sì kọ́gbọ́n kan níbẹ̀: mo ti yọ píkọ́ọ̀pù tó bá a wá, mo fi èyí tó wọ́n sí i, mo sì ti ju ti àkọ́kọ́ nù. Ẹni tó rà á kò fi kọ́bọ̀ lé e nítorí ìyẹn. Ní ojú tirẹ̀, ohun tí mo ṣe sí i kò yàtọ̀ sí àtúnṣe. Ká ní mo tọ́jú ti àkọ́kọ́ ni, ǹ bá dá a padà sí i, kí n sì ta èyí tó wọ́n lọ́tọ̀.

Ti Precision kò ṣòro, ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi ṣòro yẹ ní sísọ. Ọdún 1951 ni Leo Fender gbé e jáde ní California, fúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ, nítorí pé ó jẹ́ kí ìka bọ́ sórí ohùn gan-an láìṣì í, èyí tí kò rọrùn lórí béèsì ńlá olóòró tí àwọn ẹgbẹ́ eléré ń gbé kiri nígbà náà. Kì í ṣe ìtàn yìí ni mò ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń ta á. Nílé bàbá mi ni mo ti gbọ́ ohùn béèsì kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní béèsì, nínú àwo àpàlà Haruna Ishola, níbi tí àgídìgbo ti ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Àgídìgbo kì í fa ohùn gùn. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á sì pa ẹnu dé kí ìlù lè rí àyè sọ tirẹ̀. Ohùn tó ń tètè kú yẹn ni etí mi ti ń wá láti ìgbà náà, mo sì rí i nígbà tí mo fi okùn tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wé sórí Precision, dípò èyí tí wọ́n fi wáyà roboto wé tó máa ń dún wanranwanran bí àwo irin tó já bọ́. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ àwo Motown ní Detroit, lo irú okùn pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ lórí Precision ọdún 1962 rẹ̀. Àǹfààní kan tún ni pé okùn yìí kì í tètè gbó. Èyí tó wà lórí tèmi báyìí ti lé ní ọdún mẹ́fà, ṣe ló sì ń dùn sí i. Pẹ̀lú iye tí dọ́là jẹ́ báyìí, ìyẹn nìkan tó láti dá ẹni tó bá fẹ́ rà á padà lẹ́nu ọ̀nà.

Olókùn márùn-ún ni mo tọ́jú láìfẹ́ràn rẹ̀. Ó wúwo, ó lé ní kílò mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó ń lo bátìrì fólítì 9, bí a bá sì ń gbàgbé wáyà sára rẹ̀, bátìrì náà á tètè kú, nítorí pé wáyà tí a kì bọ̀ ọ́ ló ń tàn án. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín orin ìyìn, ojú onídúrọ́ọ̀mù ni mo kàn ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta béèsì ní ìjọ Yorùbá mọ̀ pé aṣáájú orin kì í sọ kíì. Ibi tí ọ̀fun rẹ̀ bá jí sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni á ti gbé orin, bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná, á tún gbé e sókè láìwẹ̀yìn wo ẹnikẹ́ni. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin ni E. Bí orin bá wà ní D tàbí E flat, ilé orin náà ti bọ́ sábẹ́ ibi tí okùn rẹ parí sí nìyẹn, á di dandan kí o fò lọ sókè, àwọn tó ń jó á sì mọ̀ lára pé nǹkan kan ti kúrò nílẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Okùn karùn-ún, tí í ṣe B, ló ń gba ibẹ̀. E máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, B ní nǹkan bí ìgbà 31. Sípíkà ìjọ wa kò lè gbé ohùn 31 jáde dáadáa, kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé C, D àti E flat jáde, àwọn yẹn ni iṣẹ́ mi nílò. Ìgbà 24 nínú 38 kì í ṣe àṣà lásán.

Olókùn mẹ́fà ńkọ́? Ìgbéraga ló rà á, èmi kàn bá a gbé owó lọ ni. Mo rí ẹnìkan tó fi irú rẹ̀ ta orin bí ẹni tó ń tẹ dùùrù, ó sì wù mí kí àwọn ènìyàn wò mí bí mo ṣe wo ẹni náà. Ní ọdún mẹ́rin tí ó fi wà lọ́wọ́ mi, okùn kẹfà rẹ̀, tó tín-ín-rín jù, kò gbó rárá. Akọrin kan láti ìjọ mìíràn ló rà á, a jọ ṣàdéhùn pé yóò san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó gbé béèsì lọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ kí n tó rí ẹ̀ẹ̀mejì yòókù gbà. Kò jà mí lólè, ó san án. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ tí ènìyàn fi ń pe arákùnrin nínú Olúwa lórí fóònù nítorí owó kì í ṣe oṣù tó dùn, láti ìgbà náà sì ni n kì í ti í jẹ́ kí béèsì kọjá ẹnu ọ̀nà mi kí owó rẹ̀ tó pé.

Èyí tí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì ló gba oorun lójú mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jáde. Bí a bá ní ti ìwé, ó yẹ kí ó bá àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo ń rántí ṣáá. Ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá arúgbó kan ni, ọ̀gá onídùndún kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìyá ìlù ki àwọn ọmọ olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi béèsì dá a lóhùn, kí n máa tún ìparí gbólóhùn rẹ̀ sọ nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọjú sí mi, ó ń bi mí ní ìbéèrè, èmi náà sì ń fèsì. Ìyàwó ilé kan wá fi owó lẹ̀ mí níwájú orí, ó ní òun kò mọ̀ pé gìtá lè pe orúkọ òun.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lórí béèsì olófúrẹ́ẹ̀tì, dò, re àti mí wà níbẹ̀, ènìyàn sì lè gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé wọn dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bí ó ti wà nínú "bàbá" tàbí "ọ̀rẹ́", ẹnu wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ṣe ló máa ń gùn ún lọ. Bí ti ìsàlẹ̀ bá sì tẹ̀ lé ti òkè, bí ó ti wà nínú "rárà", yíyọ̀ ni ohùn máa ń yọ̀ wálẹ̀. Onídùndún ń fi ọwọ́ tó fún osán ìlù rẹ̀ ṣe ìyẹn. Fúrẹ́ẹ̀tì máa ń gé gígùn náà sí àtẹ̀gùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ á fi jáde bí ti àlejò tó ń kọ́ èdè. Lórí igi tí kò ní irin, ìka lè yọ̀ láti ibi kan dé ibi kejì, "bàbá" á sì jẹ́ "bàbá". Mo wá rí i pé ìbéèrè tí mo ti ń bi ìwé mi kò pé. Ìwé náà lè sọ iye ìgbà. Kò lè sọ ohun tí n kò ní lè ṣe mọ́ bí ọ̀kan bá lọ. Mo fi ìbéèrè yẹn padà bá gbogbo wọn. Bí Jazz bá lọ, kí ni n kò ní lè ṣe mọ́? Kò sí. Olókùn mẹ́fà? Kò sí ohun tí mo ń ṣe ní tòótọ́. Èyí yìí bá lọ, n kò ní lè dá ìyá ìlù lóhùn mọ́. Mo tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò tilẹ̀ ná mi lówó púpọ̀: kò sí fúrẹ́ẹ̀tì tí yóò jẹ, okùn pẹlẹbẹ náà ló sì wà lórí rẹ̀, nítorí okùn onírin roboto máa ń ha ojú igi rẹ̀ bí ìgbà tí ayùn bá kàn án. Jaco Pastorius, tí irú béèsì yìí sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká, ní láti fi ọ̀dà líle bo ojú igi tirẹ̀ nítorí irú okùn bẹ́ẹ̀.

Béèsì àkọ́kọ́, ti Alàbà, kò ṣeé tà. Ọrùn rẹ̀ ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi lára rẹ̀, ẹni tó ń bá mi tún gìtá ṣe sì sọ fún mi láìfọ̀rọ̀ pa mọ́ pé owó àtúnṣe rẹ̀ á ra òmíràn. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn bẹ́ẹ̀ nítorí ìrántí. Ìyàwó mi ní kí n ya fọ́tò rẹ̀. Mo ya fọ́tò, kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo wá fi sukurudáfà yọ kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè, òun ni mo so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ títí di òní. Igi àti irin tó kù ni mo fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe yẹn, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ fúrẹ́ẹ̀tì láìfọ́ igi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ti yọ gbogbo rẹ̀, ó ti tò wọ́n sínú agolo mílíìkì. N kò rò pé ó dùn mí bí mo ṣe rò pé yóò dùn mí.

Ó wá ku kékeré orí igun. N kò fi ààbọ̀ wákàtí ronú lórí rẹ̀. Kò sí nínú ìwé, kò sí iṣẹ́ kan tó ń ṣe tí àwọn yòókù kò lè ṣe, mo sì ti fi ọkàn sí i pé béèsì ọmọdé ni, bí mo tilẹ̀ mọ̀ dáadáa pé Höfner tí Paul McCartney ti The Beatles gbé káàkiri ayé kò gùn jù ú lọ. Mo wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó kanlẹ̀kùn wa ní ọjọ́ Sátidé yẹn lọ, mo tà á fún un ní iye tó dín sí ohun tí ọjà ń pè é, nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún un pé kókó ohùn rẹ̀ máa ń ha díẹ̀, mo sì fi bí yóò ṣe máa yí irin inú ọrùn rẹ̀ nígbà ọyẹ́ hàn án. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn, nítorí ọwọ́ tó ń wá a ni mo fi í lé.

Ọdún kejì tí a dé Ìbàdàn ni èjìká mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo fojú di í títí di ìgbà tí n kò lè gbé ọwọ́ kọjá orí láti wọ agbádá. Dókítà bi mí ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo sọ fún un, ó tún bi mí pé ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́, mo sọ ìyẹn náà, ó sì ní kí n yé gbé ohun tó wúwo kọ́ èjìká fún wákàtí mẹ́ta lórí ìdúró. Olókùn márùn-ún ló ń bá wí. Mo ra bẹ́líìtì tó fẹ̀ sí i, ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Mo ń jókòó ta á nígbà ríhásà. Ní ìṣọ́ òru, mo máa ń gbé e sílẹ̀ nígbà ìwàásù. Ní gbogbo ìgbà yìí, kékeré ínǹsì 30 yẹn, tí kò tó kílò mẹ́ta àti ààbọ̀, ni mo ń rí lójú oorun. Ìwé mi kò bi mí nípa èjìká. Ìbéèrè tí mo fi tún un ṣe pàápàá kò bi mí. Ọkùnrin tí mo jẹ́ ní ọdún 2023 ni méjèèjì ń bi ní ìbéèrè, òun ló sì ń dáhùn, kò fi tèmi ti òní ṣe.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù ní oṣù tó kọjá. Mo kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo yí ọ̀rọ̀ ká títí, mo sì bi í bóyá ó lè ta béèsì náà padà fún mi, pé màá fi owó lé e. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ríhásà ló wà.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mò ń ta á ni o. Mi ò tà á."